Eku Ẹdá Ló Bọ́ Mi ní Agbogbloshie

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn láàyò, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi. Eku ni mo fi gbogbo ìgbà agbára mi lé. Mi ò tà á, mi ò sì jẹ ẹ́. Mo ń lé e kúrò nínú iṣu ní ọjà Agbogbloshie nílùú Accra, kúrò nínú páálí mílíìkì ní Tudu, kúrò nínú ìdì aṣọ òkìrìkà ní Kantamanto. Sìdíkátù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà tí ẹ ń béèrè Sìdíkátù, ẹ máa rìn títí. Ẹ béèrè Maame Akura, ìyẹn Ìyá Eléku lédè Twi, ẹnikẹ́ni á fi ilé mi hàn yín.

Ṣakí ni bàbá mi ti wá sí Accra. New Town là ń gbé, ibi tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Lagos Town, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Tudu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro. Ó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti gàrí. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé sí Ghana nígbà náà, ọjà ń ṣí, ẹrù ń wọlé láti òkè òkun. Bí ẹrù ti ń wọlé ni eku náà ń bá a wọlé. Èmi ti parí ilé ìwé, wọ́n ti fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, àmọ́ abẹ́rẹ́ àti èmi kò mọ ojú ara wa. Ibi tí mo bá ti jókòó pẹ́ títí, oorun ni.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ránṣẹ́ pe Bàbá Jímọ̀. Ará Ṣakí bíi tiwa ni Bàbá Jímọ̀, ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá tó. Ó ti ṣọdẹ rí nílé. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbé ọ̀nà jíjìn mọ́, ó sọ ọdẹ di ti inú ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ó máa mú tàkúté jáde bó ṣe dé. Kò mú nǹkan kan jáde. Ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, ó ń wo abẹ́ pẹpẹ. Èmi náà lọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní mo rí ojú ọ̀nà kan lẹ́sẹ̀ ògiri, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì sọ fún bàbá mi pé, “Mo ti ń wá ẹni tí kò kórìíra eku, tí kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ fún mi ní ọmọ yìí.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi bàbá mi pé ọkùnrin wo ló máa wá fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gbé òkú eku kiri ìgboro. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì parí rẹ̀ lórí pé bí mo bá ti lè sá kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó lè dá mi dúró níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ àdéhùn àti owó kò gùn, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ẹ̀kọ́ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eérú. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Jímọ̀ á jọ eérú kúnná, á wọ́n ọn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù oníbàárà bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sórí àkàrà òyìnbó. Lẹ́yìn àsùbáà, á mú mi débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, á ní kí n kà á. Ta ló kọjá? Níbo ló ti wá? Kí ló ń wá lọ? Bí mo bá dáhùn pé eku ni, kò ní bá mi jà. Á kàn mú ìgbálẹ̀, á gbá eérú náà dànù, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àárọ̀ ni mo fi ọwọ́ òfo padà sílé kó tó yé mi pé “eku” kì í ṣe ìdáhùn, àfi bí “èèyàn” bá jẹ́ ìdáhùn fún ẹni tó ń béèrè olè.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi là. Mo mọ ẹsẹ̀ èkúté ilé, tó wúwo, tí ìrù rẹ̀ máa ń wọ́ ìlà sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo mọ ti ẹlírí, tó dà bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ilẹ̀. Mo mọ ti asín, onímú gígùn tó ń rùn. Bàbá Jímọ̀ kì í jẹ́ ká pa asín, ó ní aáyán ló ń jẹ, kò mọ ọ̀nà ilé iṣu, ẹni tó bá sì pa á nítorí iṣu ti fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Èyí tó wá jẹ́ iṣẹ́ wa gan-an, tó sọ wá di èèyàn lọ́jà, ni eku ẹdá.

Ẹ má wo ẹdá pé ó kéré. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Irun rẹ̀ rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ, ikùn rẹ̀ funfun ráúráú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ikùn abo rẹ̀ sókè, ọmú ló tò láti àyà dé itan, ẹran ńlá mìíràn kò ní ìdajì rẹ̀. Oyún rẹ̀ kì í pé oṣù kan. Kí àwọn ọmọ tó já lẹ́nu ọmú, òmíràn ti wà nínú rẹ̀, kí òmíràn náà tó lajú, àwọn ti àkọ́kọ́ ti ń wá ọkọ. Inú koríko etí ọ̀sà, lẹ́yìn Agbogbloshie, ni ilé rẹ̀. Ìgbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa tí koríko so èso, ẹdá á yó, á bí, á kún ilẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, koríko á gbẹ, òwìwí àti ejò á rí i kedere, ebi á pa èyí tó kù, á wá dín kù títí ẹ máa fi rò pé kò sí mọ́. Ẹ má gbà á gbọ́. Díẹ̀ tó kù yẹn ń dúró de òjò bíi ti àgbẹ̀ ni. Bàbá Jímọ̀ máa ń sọ pé nǹkan díẹ̀ ló wà láàárín ẹdá àti ẹ̀dá: àwa méjèèjì, ibi tí oúnjẹ bá wà là ń kọ́lé sí.

Ọ̀gá mi le. N kò gbọdọ̀ fi ìpara olóòórùn tàbí ọṣẹ olóòórùn kan ara lọ́jọ́ iṣẹ́, nítorí imú eku mú ju ti àna tó ń wá ẹ̀sùn lọ. Tàkúté tó bá ti pa eku, eérú àti omi la fi ń fọ̀ ọ́ kó tó tún wúlò, ó sì máa ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni yẹ ẹja wò. A kì í fi ọwọ́ lásán kan òkú eku, bẹ́ẹ̀ ni a kì í jẹ oúnjẹ tí ẹdá bá ti tọ̀ sí, torí àìsàn burúkú wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. N kò gbọdọ̀ tọ́ gàrí oníbàárà wò, ì báà ṣe kóró kan. Èyí tó le jù ni ti ẹnu. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló ń búra pé eku kò sí lọ́dọ̀ òun, pé ti ẹnìkejì òun ni. Ohun tí a bá rí lọ́dọ̀ ẹnì kan kò gbọdọ̀ dé etí ẹlòmíràn. Mo mọ àṣírí Tudu tó lè dá ogun sílẹ̀, inú mi ló sì máa wà títí dé sàréè.

Iṣẹ́ yìí náà ló fún mi lọ́kọ, pẹ̀lú gbogbo àròyé ìyá mi. Ní Kantamanto, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń tún aṣọ òkìrìkà ṣe, ìyẹn aṣọ tí àwọn ará ibí ń pè ní obroni wawu. Lásísì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ra kóòtù kan, èyí tí wọ́n ń wọ̀ nílùú yìnyín, tó nípọn bí ẹní. Ẹni tó máa wọ irú rẹ̀ ní Accra kò tíì dáyé. Ó ní òun fẹ́ tú u fi rán fìlà. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, nǹkan gbóná kan mì, ó sì ju kóòtù náà sókè. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo tú àpò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo rí ìtẹ́ ẹdá tí wọ́n fi òwú inú kóòtù náà gan-an hun, àwọn ọmọ pupa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sùn nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyá wọn mọ aṣọ yàn. Ó wò mí, ó ní òun ò rí obìnrin tó ń bá eku ṣàwàdà rí. Láti ọjọ́ náà, eku kò tán ní ṣọ́ọ̀bù Lásísì mọ́. Ọ̀sẹ̀ ò ní yí po kó má ránṣẹ́ pè mí, eérú mi kì í sì í rí ẹsẹ̀ ohunkóhun níbẹ̀ àfi ti Lásísì fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní kó kúkú wá rí bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi àjálù. Ọdún kan wà tí òjò rọ̀ ní Accra bí ẹni pé ọ̀run ya. Odò Odaw kún àkúnya, ó ya wọ Agbogbloshie, ó gbé iṣu, ó gbé bẹ́ǹṣì, ó gbé ewúrẹ́. Bàbá Jímọ̀ wọ inú omi náà pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó ń bá wọn fa iṣu sókè. Nígbà tí omi fà, ibà gbé e dè ní New Town. Ẹdá tí omi lé kúrò nínú ihò etí ọ̀sà ti gun orí ilẹ̀ wá sábẹ́ àtíbàbà àwọn oníṣu. Koríko hù lẹ́yìn òjò náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n jẹ, wọ́n bí, wọ́n sì bí síi. Ó dé ibi pé oníṣu kan kò lè fi iṣu sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó bá a lódindi láàárọ̀. Orí iṣu ni wọ́n ń jẹ. Iṣu tí wọ́n bá sì ti jẹ lórí á rà, á ran èkejì. Àwọn tó ń ra iṣu fún òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà mìíràn lọ.

Maame Afriyie ni olórí àwọn oníṣu, obìnrin Akan tó dúró ṣánṣán, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó pè mí, ó ní iṣu tuntun ń bọ̀ láti òkè àríwá, àwọn obìnrin sì ti fi ohun gbogbo tí wọ́n ní sí i. Bí ọkọ̀ bá dé tó bá eku níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò ní lè tún ọjà ṣe mọ́. Ó ní bí n kò bá lè ṣe é, kí n sọ, kí àwọn lọ wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀rù bà mí, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dá iṣẹ́ ńlá ṣe láìsí Bàbá Jímọ̀. Mo dẹ gbogbo tàkúté tí a ní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ kún. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kún. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Jímọ̀ lórí ẹní rẹ̀, mo rò pé ó máa súre fún mi.

“Lánàá ńkọ́?” ló béèrè.

“Wọ́n kún, Bàbá.”

“Lónìí?”

“Wọ́n kún.”

“O ò tíì ṣe nǹkan kan. O kàn ń kórè wọn ni. Kí ni wọ́n ń jẹ?”

Mo padà lọ sọ́jà, mo sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ bí mo ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rí i. Èèpo iṣu àti iṣu rírà ga bí òkìtì lẹ́yìn gbogbo àtíbàbà. Orí koríko gbígbẹ ni iṣu sùn lé, ilẹ̀ ni koríko sì wà. Oúnjẹ rèé, ibùsùn rèé, nínú yàrá kan náà. Ìwọ̀nba tí tàkúté mi ń mú, abo mélòó kan ń bí i padà. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé kí a kó gbogbo ìdọ̀tí, kí a gbé iṣu sókè lórí pákó, kí a fi páànù wé ẹsẹ̀ pákó náà kí eku má lè gùn ún. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, pé ta ló máa tajà nígbà tí àwọn bá ń gbálẹ̀. Mo bẹ̀, mo bẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ló dá mi lóhùn.

Láàárín ìgbà náà ni ọkùnrin kan gba ọjà kọjá pẹ̀lú ìyẹ̀fun oògùn eku nínú ọ̀rá, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Obìnrin oníṣu kan, Adwoa, rà á, ó pò ó mọ́ iṣu gígún, ó sì fi í kálẹ̀ nínú àtíbàbà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú eku wà káàkiri, àwọn èèyàn sì ń yìn ín. Èmi rí òkú ológbò méjì pẹ̀lú. Mo rí òwìwí tó ti ń gbé lábẹ́ òrùlé náà, ó nà sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ là gbàgà. Inú mi kò dùn. Mo ń wá Adwoa láti sọ fún un pé kó gbá ohun tó kù dànù, nígbà tí mo gbọ́ igbe.

Mariama ni, ọmọbìnrin kan láti àríwá, alábàárù tí wọ́n ń pè ní kayayoo. Ó ti mú iṣu kan tí ìyẹ̀fun náà bà lára, ó sun ún, ó fi jẹun àárọ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn bò ó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. A gbé e sórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó iṣu, a tì í dé títì, a gbé e sínú táksí. Maame Afriyie gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo di ọ̀rá ìyẹ̀fun náà mú ṣinṣin kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Adwoa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè gbé ojú sókè, kò sì sí ẹni tó bú u. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde wá sọ pé ọmọ náà ti ń mí dáadáa, a ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú wa.

A padà dé ọjà, Maame Afriyie sì pe gbogbo àwọn obìnrin jọ. Kò sọ̀rọ̀ gígùn. Ó tọ́ka sí mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata níbẹ̀, ó ní, “Ọmọ Alata yìí ti sọ ohun tí a máa ṣe fún wa. Èmi á kọ́kọ́ gbá tèmi.” Ó sì tẹ̀ ba, ó mú ìgbálẹ̀.

Ẹ ò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin tó ń tà àti èyí tí kò tà ló jáde. Àwọn ẹlẹ́ran wá kó èèpo iṣu fún ewúrẹ́ wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń ta irin àlòkù nítòsí gé páànù fún wa, wọ́n fi wé ẹsẹ̀ pákó, ẹnì kan nínú wọn ní ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì wa ti wọ ṣòkòtò. A di ihò pẹ̀lú àfọ́kù ìgò àti sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn èyí ni mo wá dẹ tàkúté mi, fún èyí tí ebi ti ń pa. Ọkọ̀ iṣu dé tòun ti fèrè, wọ́n sì já iṣu sórí pákó tó mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ tàkúté wò, ó ṣófo. Mo dé ìdí èkejì, ó ṣófo. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mo ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè. Mo lọ bá Bàbá Jímọ̀, tí ara rẹ̀ ti ń yá. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ṣófo o.” Ó ní àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹbìtì tí kò peku, kó feyìn féléyìn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ṣe irú iṣẹ́ tiwa. Ó na ọwọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé lẹ́yìn náà, ó padà sí Ṣakí, ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́ rọrí láàárín àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Mariama gbádùn, ó kúrò nínú alábàárù, Adwoa fún un ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì di oníṣu. Nígbà tí òwìwí mìíràn wá gbé lábẹ́ òrùlé, àwọn kan fẹ́ lé e pé ẹyẹ àjẹ́ ni. Mo ṣàlàyé iye eku tó ń gbé lọ. Maame Afriyie gbọ́, ó ní bó bá jẹ́ àjẹ́, àjẹ́ tó ń san owó ilé ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹbìtì onígi ni mo fi kọ́ṣẹ́. Tàkúté onísípíríǹgì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àgò wáyà tí àwọn alágbẹ̀dẹ Agbogbloshie ń fi irin àlòkù ṣe, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ eku mọ́lẹ̀ dé, n kò lò ó, torí ìyà tí ẹran bá jẹ kí ó tó kú kò dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ kan tún dé tí wọ́n ń fi sí iná mànàmáná, wọ́n ní ó ń pariwo tí eku nìkan ń gbọ́. Aláṣọ kan ní Kantamanto ra ọ̀kan, ó sì ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹdá ti tẹ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀rọ náà nítorí pé ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tuntun tó wúlò fún mi jù ni iná inú fóònù, tí kì í jẹ́ kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ mọ́.

Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ju tàkúté lọ, mo mọ̀ pé ó ti tó. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní kí ẹ wá di eléku. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ bá rí iṣẹ́ kan tí ẹ lè dọ̀bálẹ̀ wò fún wákàtí kan láì rántí ebi, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ lé yín sá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà nílé, lẹ́yìn tí a kírun àsùbáà, mo padà sùn bí ọlọ́lá. Nǹkan kan ń họ nínú àjà. Mo tẹ́tí: abo ni, ó ń fa bébà lọ síbi ìtẹ́. Lásísì fi ìgúnpá tọ́ mi, ó ní ṣé n kò gbọ́ ni. Mo ní mo gbọ́.

“O ò wá ní dìde?”

“Mo ti fẹ̀yìn tì,” ni mo wí.

Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Eku náà ń họ lọ. Nígbà tó yá, ọkọ mi dìde, ó gbé àga síbi ògiri, ó gùn ún pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo fa aṣọ bora, mo sì sọ fún un pé apá òsì ni ihò náà wà.